Dọ́kítà Tó Bá Mọ ADHD Yóò Bi Bàbá àti Ìyá Ọmọ Léèrè

Ìyá tó bá gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà nítorí pé ọmọ náà kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, pé ó ń sọ bírò àti ìwé nù lójoojúmọ́, pé tíṣà ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn títí, kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn rárá. Ohun tó ń wá ni kí ẹnì kan dárúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ òun, kó sì kọ oògùn. Bí dọ́kítà bá wá yíjú sí i tó ní, "Mà, bàbá wọn ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré? Ẹ̀yin náà ńkọ́?", ó lè ṣe ìyá bíi pé dọ́kítà ń fi àkókò òun ṣòfò, tàbí pé ó fẹ́ tú àṣírí ilé onílé. Mo fẹ́ sọ pé ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí ìdílé máa retí. Dọ́kítà tó mọ ADHD ní tòótọ́ kò lè ṣe kó má béèrè rẹ̀. Èyí tó bá sì kọ oògùn láìbéèrè rẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ ti wù kó tóbi tó, bí ilé ìwòsàn rẹ̀ ti wù kó mọ́ tónítóní tó, ó yẹ kí ìdílé ronú dáadáa kí wọ́n tó padà síbẹ̀.

ADHD jẹ́ ìṣòro tó wà nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà. Ẹni tó ní i kì í lè fọkàn sí nǹkan pẹ́, pàápàá nǹkan tí kò dùn mọ́ ọn. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Á ti sọ̀rọ̀ kó tó rò ó, á ti sáré kọjá títì kó tó wo ọ̀tún wo òsì. Àwọn àmì yìí kì í rí bákan náà lára gbogbo wọn. Àwọn kan wà tí wọn kì í sá kiri rárá, tí wọ́n kàn jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí ojú wọn ń wo tíṣà, tí ọkàn wọn sì ti lọ jìnnà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló wà nínú irú èyí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura sí tiwọn. Ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013, tí wọ́n ń pè ní DSM-5, pín àwọn àmì náà sí ọ̀nà méjì, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ó ní ọmọdé gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà ó kéré tán nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹni tó ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní márùn-ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, díẹ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ ti yọjú kó tó pé ọmọ ọdún 12, wọ́n sì gbọ́dọ̀ hàn ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ilé ìwé. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ADHD hàn, kò sì sí fọ́tò ọpọlọ tó ń fi í hàn. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ òun rí i, tó sì gba owó gọbọi lé e lórí, owó lásán ló gbà. Ìtàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: èyí tí òbí sọ, èyí tí tíṣà sọ, èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ, àti ohun tí dọ́kítà fi ojú ara rẹ̀ rí. Nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó lè bá dọ́kítà ṣe é, etí rẹ̀ àti ìbéèrè ẹnu rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà gbára lé.

Ìtàn yẹn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń fi àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ wé àwọn ìbejì tí kò jọra, kí wọ́n lè mọ bí ohun tí a jogún ṣe pọ̀ tó nínú ọ̀rọ̀ ADHD. Ní 2019, Stephen Faraone àti Henrik Larsson kó ìwádìí 37 irú èyí jọ, ohun tí wọ́n rí ni pé, bí a bá kó gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti ènìyàn lórí ADHD jọ, ohun tí a jogún ló fa nǹkan bí ìdá 74 nínú 100. Ìyẹn kò sọ pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní i ní ìdá 74 nínú 100 láti ní i. Ohun tó sọ ni pé nínú gbogbo ohun tó lè ti ọmọ kan sí ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló tóbi jù. Kò sì sí jíìnì kan ṣoṣo tí a lè na ìka sí. Ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ni, oníkálukú ń dá díẹ̀ tirẹ̀ sí i. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kan bá ní ADHD, ó ṣeé ṣe ju bó ṣe máa ń rí lọ pé kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ náà ní i, kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sì ti máa gbé e kiri láti kékeré láìmọ orúkọ rẹ̀. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dọ́kítà sọ́nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2018 ka àwọn tí ìbátan wọn tímọ́tímọ́ ní ADHD mọ́ àwọn tí ó yẹ kí dọ́kítà fura sí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ọkọ tó ń sọ pé ẹ̀yìn ìdílé ìyàwó ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àti ìyá ọkọ tó ń sọ pé nǹkan báyìí kò sí nílé tiwọn, ọ̀rọ̀ tí kò lè wo ọmọ sàn ni wọ́n ń sọ.

Wàyí o, kí ni dọ́kítà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òbí ṣe? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n máa ń ní kí òbí ọmọ ADHD ṣe nílé. Wọ́n á ní kí wọ́n máa sọ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má kó iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ sínú gbólóhùn kan. Kí àkókò jíjí, jíjẹun, ṣíṣe iṣẹ́ ilé ìwé àti sísùn má máa yí padà. Kí wọ́n yin ọmọ lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe dáadáa, kí ìyà tí wọ́n ní àwọn á fi jẹ ẹ́ sì jẹ́ èyí tí wọ́n á mú ṣẹ, lónìí bíi ti àná. Kí ohùn má ga. Kí oògùn má fo ọjọ́ kan. Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òbí yìí ni ohun tí ẹni tó ní ADHD kò rí ṣe. Bàbá tó gbé ìkòkò kaná tó sì gbàgbé rẹ̀, tó ti yí iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì, tí inú rẹ̀ ń yára ru, òun la fẹ́ kó máa ṣe ohun kan náà ní agogo kan náà lójoojúmọ́ láìgbé ohùn sókè. Ní 2002, Edmund Sonuga-Barke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá tí ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tó ní àmì ADHD ní bí wọ́n ṣe lè tọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí àmì ADHD kéré tàbí tí ó mọ níwọ̀n lára ìyá wọn sàn sí i. Àwọn tí àmì náà pọ̀ lára ìyá wọn kò sàn rárá. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ àwọn ìyá náà, síbẹ̀ ohun tó jáde níbẹ̀ yàtọ̀, ohun tó sì fà á wà lára ìyá, níbi tí dọ́kítà tó ń wo ọmọ nìkan kò ní tajú dé.

Ẹni tó bá ń ka irú ìwádìí yìí dáadáa lè dá mi dúró níbí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé tí a bá tọ́jú ìyá, ara ọmọ á yá kíákíá? Àwọn kan ní Jámánì gbìyànjú rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Thomas Jans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìyá 144 tí àwọn àti ọmọ wọn jọ ní ADHD. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní oògùn àti ìtọ́jú tó jinlẹ̀ fún ADHD tiwọn, wọ́n kàn ń gba apá kejì nímọ̀ràn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ́ gbogbo wọn ní bí a ṣe ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ara àwọn ìyá tí wọ́n tọ́jú balẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìlọsíwájú àwọn ọmọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù. Mi ò fẹ́ gbé èsì yìí pamọ́, nítorí òótọ́ ni, ó sì ń kọ́ni. Ó sọ fún wa pé dọ́kítà tó bá ṣèlérí pé oògùn ìyá á wo ọmọ sàn ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí dọ́kítà má bi ìyá léèrè. Ìyá náà ènìyàn ni, ìtọ́jú tó mú ara tirẹ̀ balẹ̀ kò ṣòfò. Bí dọ́kítà bá sì ti mọ bí ilé ṣe rí, á lè ṣètò ohun tí ilé náà lè gbé: á kọ ìtọ́ni sórí ìwé dípò kó fi ẹnu sọ ọ́, á ní kí àǹtí tàbí ìyá àgbà tó ń gbé pẹ̀lú wọn gba ọ̀rọ̀ oògùn sọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kan ṣoṣo dípò méje. Mi ò rò pé irú ètò yìí wà nínú ohun tí wọ́n dán wò ní Jámánì, ó sì wà lára ohun tí dọ́kítà tó gbọ́n ń ṣe lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ ṣe yẹ kó rí, nítorí ẹni tí kò bá rí i rí kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dọ́kítà á bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún: ṣé ara ìyá dá, ṣé oṣù ọmọ pé, ṣé ọmọ ké lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i, ṣé ojú rẹ̀ pọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣé gìrì ti gbé e rí. Ìgbà wo ló rìn, ìgbà wo ló sọ̀rọ̀? Á béèrè bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun. Á gba ìwé ilé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, á ṣí i wò: ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò márùn-ún tó ṣe méjì dáadáa tó fi mẹ́ta sílẹ̀, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ lókè ojú ewé tó sì ti di rúdurùdu nísàlẹ̀. Á fún wọn ní fọ́ọ̀mù méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún tíṣà, kì í ṣe fún ọ̀gá ilé ìwé tí kì í jókòó pẹ̀lú ọmọ. Á wọn ọmọ, gíga àti ìwúwo, á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, á wọn ìfúnpá rẹ̀, á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ṣubú lulẹ̀ kú lójijì ní kékeré, nítorí oògùn tó lè fẹ́ lò ń mú ọkàn sáré díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á yíjú sí bàbá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tẹ́ ẹ wà ní pírámárì, kí ni tíṣà yín máa ń sọ nípa yín?" Ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń rẹ́rìn-ín níbi ìbéèrè yìí, tí ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ìdajì iṣẹ́ tó kù ni kí dọ́kítà wá ohun mìíràn tó lè jọ ADHD. Irú warápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú: ojú ọmọ á kàn ranjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún máa bá ohun tó ń ṣe lọ, tíṣà á ní ó ń ro nǹkan mìíràn. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún tí kò gbọ́ràn dáadáa á jọ aláìgbọràn. Ọmọ tí ẹran ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú, tó ń han-an-run, tí oorun rẹ̀ ń já lóru, á máa ṣe wọ́nranwọ̀nran lọ́sàn-án. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè ti ní ìdíwọ́ ẹ̀jẹ̀ kékeré nínú ọpọlọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ojú tí kò ríran jìnnà, ebi, àti ẹ̀rù ẹni tó ń nà án nílé, gbogbo wọn ló lè mú kí ọkàn ọmọ má dúró. Òjé náà ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́; ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé láti inú iṣẹ́ ìwakùsà góòlù ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, kò yẹ kí dọ́kítà kankan ní Nàìjíríà gbàgbé rẹ̀. Kódà, ọjọ́ orí lásán lè tan dọ́kítà jẹ. Ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà, wọ́n wo ìwé ìlera àwọn ọmọ tó lé ní 900,000, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012: àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní Oṣù Kejìlá, tí wọ́n kéré jù ní kíláàsì wọn, ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n fi ju àwọn tí wọ́n bí ní Oṣù Kìn-ín-ní lọ nínú gbígba orúkọ ADHD; ti àwọn ọmọbìnrin jẹ́ ìdá 70. Ọmọdé tí wọ́n kó mọ́ àwọn tó fi bí ọdún kan jù ú lọ ni àwọn kan nínú wọn. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí òbí ti ń fi ọmọ fo kíláàsì kí ó lè yára wọ yunifásítì, ó yẹ kí dọ́kítà béèrè ọjọ́ orí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun.

Bí gbogbo èyí bá ti dé ojú rẹ̀, tó sì dájú pé ADHD ni, iṣẹ́ tó kù, ìyẹn ṣíṣọ́ ìtọ́jú náà, ni mo rò pé àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ìwádìí tó lókìkí jù lórí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní MTA, èyí tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1999. Ọmọ 579 ni wọ́n mú ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, ọlọ́dún méje sí mẹ́sàn-án, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin fún oṣù 14. Ọ̀wọ́ kan gba oògùn lábẹ́ ìṣọ́ àwọn olùwádìí, òmíràn gba ẹ̀kọ́ ìwà nìkan, òmíràn gba méjèèjì, wọ́n sì ní kí ọ̀wọ́ kẹrin lọ wá ìtọ́jú lọ́dọ̀ dọ́kítà àdúgbò wọn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ọ̀wọ́ kẹrin yìí ló gba oògùn, irú oògùn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì lò, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìṣọ́ olùwádìí sàn jù wọ́n lọ gan-an. Kí ló dé? Àwọn olùwádìí fi ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ dán ìwọ̀n oògùn wò lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí òbí àti tíṣà ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láìmọ ìwọ̀n tí ọmọ lò lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń rí ọmọ lóṣooṣù fún ààbọ̀ wákàtí, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà. Àwọn dọ́kítà àdúgbò ń rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sì kéré. Ó dà bí ìgbà tí aṣọ kan náà wà lọ́wọ́ aránṣọ méjì. Ọ̀kan wọn oníbàárà kó tó gé e, èkejì fojú díwọ̀n. Nígbà tí ìwádìí náà parí, tí ìṣọ́ oṣooṣù dáwọ́ dúró, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó sì ti pòórá nígbà tí ọdún mẹ́ta fi pé. Àwọn kan ti fi èyí sọ pé oògùn kò wúlò. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń mú oògùn ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ìṣọ́ yẹn kò sì ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì máa lọ.

Ẹ̀rù oògùn yìí kò sì kéré. Methylphenidate, èyí tí wọ́n ń lò jù fún ADHD, ti wà láti 1944, ó wà lára oògùn tí ìjọba ń dè mọ́lẹ̀, òbí á sì máa bi ara rẹ̀ bóyá òun fẹ́ sọ ọmọ òun di ẹni tí oògùn mú lẹ́rú. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, ní ìwọ̀n tí dọ́kítà kọ, lábẹ́ ìṣọ́, kò sí ẹ̀rí pé ó ń sọ ọmọ di ẹni tó ń lo oògùn olóró lọ́jọ́ iwájú. Ní ti ìwà ọ̀daràn, ní Sweden, wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn 25,656 tó ní ADHD, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní 2012: ní àwọn àkókò tí wọ́n ń lo oògùn, ìwà ọ̀daràn fi ìdá 32 nínú 100 dín kù láàárín àwọn ọkùnrin, àti ìdá 41 láàárín àwọn obìnrin, bí a bá fi wé àkókò tí àwọn náà kò lò ó. Oògùn náà ní ìyọnu tirẹ̀ o. Ó ń dín oúnjẹ kù lẹ́nu ọmọ, ó lè lé oorun sẹ́yìn, ó lè fa gíga ọmọ sẹ́yìn díẹ̀, kò sì bá gbogbo ara mu. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi gbọ́dọ̀ máa jáde ní gbogbo ìbẹ̀wò. Dọ́kítà tó kọ ọ́ tí kò dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Àwọn àgbàlagbà kan á sọ pé àìsàn òyìnbó lèyí, pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, pàṣán ló sì ń wò wọ́n sàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 1902, George Still dúró níwájú àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù tó ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa náà. Ìwádìí tí Abíọ́dún Adéwuyà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2007, rí ADHD lára ìdá 8.7 nínú 100 wọn, èyí tí kò kéré sí ti ilẹ̀ òyìnbó rárá. Ní ti pàṣán, ohun tí wọn kì í wò ni àwọn tí pàṣán náà kò wò sàn: ẹni tó sá kúrò nílé ẹ̀kọ́, ẹni tí wọ́n pè ní olódo títí ó fi gbà pé olódo lòun, ẹni tí ìbínú òjijì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyà lè mú ọmọ jókòó fún wákàtí kan nítorí ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọpọlọ rẹ̀ ní ohun tí kò tíì lè ṣe. Bí ìdílé bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n gbàdúrà, kò sí ohun tó ní kí àdúrà àti dọ́kítà má jọ wà. Àgbò, ààwẹ̀ àti ìdè lẹ́sẹ̀ ní ilé àdúrà ni kò yẹ kí a fi dán ọmọdé wò.

Ohun tó ń dí àwọn òbí mìíràn lọ́wọ́ jù ni orúkọ ibi tí dọ́kítà wà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n gbé ẹ lọ sí Àrò tàbí Yábàá, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ wà, èébú ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà. Ilé ìwòsàn Yábàá ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ lọ́tọ̀ ní Oṣòdì. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní dọ́kítà ọpọlọ ọmọdé, yunifásítì ibẹ̀ sì ní ibùdó kan tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omigbódùn tó wà nídìí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní ti Àrò l'Abẹ́òkúta, ohun tí Thomas Adéoyè Lámbò ṣe níbẹ̀ láti 1954 yẹ ní ohun tí à ń rántí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí ìbátan kan tẹ̀ lé aláìsàn, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un wá gba ìtọ́jú. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà, ADHD kọ́ ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ìmọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú ti wà nílẹ̀ yìí kí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òyìnbó tó gbà á. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ní Nàìjíríà ṣì ń jẹ́ òfin àwọn wèrè títí di Oṣù Kìn-ín-ní 2023, tí ààrẹ fọwọ́ sí tuntun. Òfin ti yí orúkọ náà padà, ó kù sí ẹnu àwa náà.

Àwọn dọ́kítà yìí kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ìdílé tó wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ á sọ pé gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí ti àwọn ará ìlú ńlá ni. Èsì mi ni pé ìmọ̀ tí mo ń sọ kò so mọ́ oyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ìtọ́ni kan, mhGAP, tí wọ́n kọ fún dọ́kítà àti nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti ọpọlọ, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Dọ́kítà gbogboogbò tàbí dọ́kítà ọmọdé tó ní sùúrù lè gbọ́ ìtàn ìdílé, kó yẹ etí àti ojú wò, kó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí tíṣà, kó kọ́ òbí ní ohun tí wọ́n á ṣe nílé, kó sì kọ lẹ́tà tó kún sí dọ́kítà ọpọlọ, kí ìdílé lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ẹni tó wà nítòsí á sì máa wọn ọmọ lóṣooṣù. Ohun tí òbí lè fi dán irú dọ́kítà bẹ́ẹ̀ wò kò ṣòro. Kí wọ́n bi í pé: ọmọ mélòó irú èyí lẹ ti tọ́jú? Ṣé ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà? Ìgbà wo la ó tún rí ara wa? Kí lẹ máa ṣe bí oògùn àkọ́kọ́ kò bá bá a lára mu? Dọ́kítà tó bá sọ pé òun kò mọ̀ tó, ṣùgbọ́n tó mọ ẹni tó mọ̀, dára ju èyí tí ìbéèrè bí nínú lọ.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣòro tiwọn. GP, ìyẹn dọ́kítà ìdílé wọn, kò lè dá sọ pé ADHD ni; ó gbọ́dọ̀ darí wọn sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ìdúró náà sì lè gba ọdún. Ní England, aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ilé ìtọ́jú mìíràn tí NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, á san owó rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ pé àwọn lè béèrè rẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ ní i, ọ̀rọ̀ náà á lágbára sí i.

Àgbàlagbà tó bá ti fura sí ara rẹ̀ nínú yàrá dọ́kítà ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ní ìbéèrè 18 fún àwọn àgbà, ASRS ni wọ́n ń pè é, mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì tó láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí ènìyàn lọ rí dọ́kítà. Kò sọ pé ẹnì kan ní ADHD, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Dọ́kítà ọmọdé kì í sábà tọ́jú àgbà, nítorí náà kí bàbá tàbí ìyá ní kó kọ lẹ́tà fún àwọn sí dọ́kítà àgbà, kí wọ́n sì wá káàdì èsì ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n kó sínú àpótí, èyí tí tíṣà kọ sí pé "ó lè ṣe dáadáa ju báyìí lọ", nítorí dọ́kítà á béèrè ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà ṣáájú ọdún 12. Ọmọ fúnra rẹ̀ á di àgbà. Ilé ìwòsàn ọmọdé á dá a sílẹ̀ nígbà tó bá ń súnmọ́ ọdún 18, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ń fi oògùn àti dọ́kítà sílẹ̀ papọ̀. Ó dára kí òbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti ìgbà tó wà ní 16 ẹni tí ó máa gbà á lọ́wọ́ wọn, kí fáìlì rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún kí ìwé wíwọlé yunifásítì tó dé.